Ọmọ Tí A Kò Gbà Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo ti lé ní ogójì ọdún, bírò ni mo fi ń jẹun, mo sì ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa olè, nípa ìjà ilẹ̀, nípa ilé tó wó pa èèyàn. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn oníná bá mú iná lọ, tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì, ìwé tí mo máa ń gbé lé àyà kà ni ìwé àwọn òyìnbó nípa ìpànìyàn ní àsìkò elégédé. Ìyàwó mi ní mo dà bí alásè tó ti òde ìnáwó dé tó tún ń dáná òru nílé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan elégédé pẹ̀lú ìpànìyàn. Irú ìwé yìí pọ̀ lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ìbọn ń dún lákọlákọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bí àgbàrá. Ìlú kékeré ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀, ìlú tí kálukú ti mọ bàbá ara wọn. Ẹni tó ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Obìnrin tó ń ṣe kéèkì tà ni, tàbí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, tàbí ìyá àgbà kan tó ń hun súwẹ́tà. Ológbò kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ẹni tó máa kú á kú, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ ká rí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ púpọ̀, àti pé kí ìwé tó parí, wọ́n á ti mú apànìyàn, wọ́n á sì ti jókòó mu tíì. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì náà sí ẹ̀yìn ìwé, kí òǹkàwé lè lọ dán an wò ní kíṣìnnì. Ẹ ò rí nǹkan. Òkú níwájú, ṣúgà ife méjì lẹ́yìn.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Leslie Meier, ti kọ irú ẹ̀ lọ rẹpẹtẹ nípa ìlú kékeré kan tó fi ọkàn ara rẹ̀ tẹ̀ dó ní ìpínlẹ̀ Maine, tó pè ní Tinker's Cove. Ìpínlẹ̀ Maine yìí kan náà ni Cabot Cove wà, ìlú tí Jessica Fletcher ń gbé nínú eré tẹlifíṣọ̀n Murder, She Wrote, tí Angela Lansbury ṣe láti 1984 títí di 1996. Òkú pọ̀ ní Cabot Cove débi pé àwọn òyìnbó fúnra wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, kí ọdún kejì tó pé ni wọn ìbá ti lọ dífá, tàbí kí pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Jessica ni wọ́n ń dúró dè.

Àsìkò elégédé tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní Halloween. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù October ni, ọ̀la ẹ̀ ni àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ní ìjọ wọn. Wọ́n á họ inú elégédé kúrò, wọ́n á gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọ́n á tan àbẹ́là sínú ẹ̀. Àwọn ọmọdé á múra bí àjẹ́ àti bí òkú, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n á máa tọrọ súìtì. Ẹ má fi wé eégún tiwa o. Bàbá mi kò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi eégún wé eré súìtì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ìpànìyàn: alẹ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún tí gbogbo aládùúgbò bo ojú, tí gbogbo èèyàn ń retí kí ẹ̀rù bà wọ́n, tí ọmọdé bá sì kígbe, kò sẹ́ni tó máa sáré jáde.

Ìwé tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ tòní ni ti Agatha Christie, Hallowe'en Party. Àárín àwọn ògbólógbòó ìwé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni mo ti rí i, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Ọdún 1969 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rántí pé ọdún yẹn náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló L'ẹrù jáde lédè wa, ìwé tí àwa kà ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí tí à ń pe ara wa ní Lápàdé. Mo gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Nínú ti Òkédìjí, ìta ni ewu ti ń bọ̀: ìgárá, mọ́tò, ojú títì lóru. Nínú ti Christie, ẹni tó gbé tíì fún ọ láàárọ̀ ni ewu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ti Lápàdé ló ń bà mí lẹ́rù. Ní báyìí tí mo ti níyàwó, tí mo ti ń lọ sí ìpàdé ẹbí, mo ti mọ èyí tó yẹ kó máa bà mí lẹ́rù.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Abúlé kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Christie pè ní Woodleigh Common. Obìnrin tẹ́nu ẹ̀ tólẹ̀ kan níbẹ̀ ń ṣe àríyá Halloween fún àwọn ọmọ abúlé. Wọ́n pọn omi kún korobá ńlá, wọ́n ju èso ápù sínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ápù, eyín ni kó fi gbé e, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọbìnrin á wo dígí láti rí ojú ọkọ tí wọ́n máa fẹ́. Ní ọ̀sán, bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tó ń jẹ́ Joyce sọ fún àlejò wọn, obìnrin kan tó máa ń kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, pé òun náà ti rí ibi tí wọ́n ti pààyàn rí. Ó ní nígbà tí òun rí i, òun kò mọ̀ pé ìpànìyàn ni, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ló tó yé òun. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi í ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àríyá tú, wọ́n wá Joyce tì. Yàrá ìkàwé ni wọ́n ti rí i, ó ti kú, orí ẹ̀ wà nínú korobá ápù.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Hercule Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Belgium onímùsítáàṣì nì. Ilé dé ilé ló ń lọ. Ẹni tó bá bi, ohùn kan náà ni: ta ni, Joyce? Onírọ́ ọmọ ni, kò sí ohun tí kò lè sọ. Àní àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ọmọ kú, wọn ò tíì sin ín, ẹjọ́ irọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń rò.

Ọmọbìnrin kejì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé lè máà kà sí. Olga ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tó wá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìyá arúgbó olówó kan. Ìyá náà kú, ìwé kan jáde pé Olga ni kí wọ́n fún ní ogún, àwọn lọ́yà wò ó, wọ́n ní ayédèrú ni. Kò pẹ́, Olga di àwátì. Kò sẹ́ni tó wá a. Ọmọ àjèjì ni, ó ti hùwà àjèjì, ó sì ti sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo abúlé ṣe bá ara wọn parí ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kò sá lọ ibì kankan. Wọ́n ti pa á, òkú ẹ̀ kò sì jìnnà sí wọn ní gbogbo àkókò yẹn.

N kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí òun ló mú mi gbé ìwé náà sílẹ̀ tí n kò sì sùn mọ́. Joyce kò rí nǹkan kan. Ọmọ mìíràn ló rí i, tó sọ fún un, Joyce kàn yá ìtàn náà lò láti fi ṣe fọ́ńté níwájú àlejò ni. Irọ́ ló pa lóòótọ́. Òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2023, wọ́n fi ìwé náà ṣe sinimá, A Haunting in Venice ni wọ́n pè é. Mo wò ó, n kò sì gbádùn ẹ̀. Wọ́n gbé ìtàn kúrò lábúlé, wọ́n gbé e lọ sí Venice ní Ítálì, omi rẹpẹtẹ, ilé ńlá tó ṣókùnkùn. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n sọ Joyce di àgbàlagbà obìnrin tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ọmọdé tí wọn kò gbà gbọ́ ti kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, bí ẹ bá yọ ọmọ yẹn kúrò, ẹ ti da ọbẹ̀ nù, ìkòkò lẹ ń lá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó lé oorun lójú mi.

Ní December 2012, ìyá mi pé ọmọ àádọ́rin ọdún, a sì ṣe ìnáwó fún wọn nílé wa n'Ìbàdàn. Ẹbí dé láti Òṣogbo, láti Èkó, láti Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin kan ń bá wa gbé nígbà náà, tó ń bá Màámi ṣe iṣẹ́ ilé, ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Apá Kétu ló ti wá, ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá ni Kétu, Yorùbá sì ni ọmọ náà ń sọ, àmọ́ ohùn ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, nítorí náà “ọmọ Kútọnu” ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni owó oṣù ẹ̀, a sì ti jẹ ẹ́ ní owó oṣù méje, torí Màámi ní àwọn ń bá a kó o jọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Rédíò là ń pè é nílé. Ọmọ yẹn lè purọ́ tí ewúrẹ́ á dáhùn. Ó ní òun rí ejò olórí méjì ní kọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ń gbé orí òpó iná, òun ló máa ń mú iná lọ. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún tíṣà ẹ̀ pé gómìnà jẹ ẹ̀bà nílé wa.

Ọjọ́ kejì ìnáwó, Màámi ṣí àpótí, wọn kò rí ẹ̀gbà ọrùn góòlù wọn. Bàbá mi ló rà á fún wọn nígbà tí wọ́n bí mi. Ó ti já rí lójú kan, alágbẹ̀dẹ góòlù sì ti jó o pọ̀, ojú jíjó náà hàn tí èèyàn bá gbé e súnmọ́ ojú. Ilé dàrú. Àlejò ṣì kún inú ilé ní wákàtí yẹn, èèyàn tí kò dín ní ogún ló sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ojú àlejò. Ojú ọmọ Kétu ni gbogbo wa wò.

Wọ́n tú báàgì ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró méjì, sálúbàtà, ìkunra, fọ́tò ìyá ẹ̀, owó tí kò tó irínwó náírà. Kò sí góòlù. A ní ó ti gbé e fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sọ pé, “Màmá, n kò mú un, ẹ fi mí búra.” Ẹnìkan ní àwọn ará ọ̀hún kì í bẹ̀rù ìbúra.

Ibẹ̀ ni Rédíò ti dá sí i. Ó ní, “Mo rí Ìyá Òṣogbo nínú yàrá Màmá lánàá. Wọ́n ń fi gèlè wé nǹkan tó ń dán.”

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Ìyá Òṣogbo. Obìnrin pàtàkì ni, òun ló ra màlúù tí a fi ṣe ìnáwó náà. Ẹ̀gbọ́n mi fọ́ ọmọ ẹ̀ létí kó tó gbẹ́nu dúró. Èmi, èmi tí mo ń fi bíbi-ni-léèrè jẹun, ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Rédíò, ilé iṣẹ́ wo ló gbé ìròyìn yẹn jáde?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Òṣogbo náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ, mo rántí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọ Kétu lọ. A kò fún un ní kọ́bọ̀ nínú owó oṣù méje ẹ̀, a ní ká fi dí góòlù. Obìnrin tó mú un wá ló wá mú un lọ. N kò jáde sí wọn. Mo ní iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ kọ parí.

Ní 2014, a lọ ṣe ìdáná ọmọ Ìyá Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n mú ìyàwó jáde, tó ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ Màámi, ó kúnlẹ̀, Màámi gbé ọwọ́ lé e lórí láti súre fún un. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró. Ńṣe ni wọ́n wá di ọwọ́ mi mú títí ìnáwó fi parí. Wọn kò sọ nǹkan kan. A wọ mọ́tò, a kúrò ní Òṣogbo, a kọjá Gbọ̀ngán, a ti fẹ́ dé Ìwó Road kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n ní, “Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ yẹn wà níbẹ̀.”

Bí ìwé òyìnbó bá ni, Poirot á pe gbogbo wa sí pálọ̀, á máa tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà pe ìpàdé. Àwọn àgbà ẹbí ní ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ ni, kí a má bà á lójú jẹ́. Wọ́n ní góòlù kò tó ohun tí ìdílé fi ń tú ká. Ìyá Òṣogbo mú ọtí wá, a mu ún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ Kétu nínú ìpàdé yẹn, tó fi mọ́ èmi.

Màámi nìkan ni kò gbàgbé. Wọ́n ka ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì náírà sínú àpòòwé, wọ́n ní kí n wá ọmọ ọlọ́mọ kàn. Mo pe fóònù obìnrin tó mú un wá, kò lọ. Mo lọ sí ilé tó ń gbé, wọ́n ní ó ti kó kúrò. Mo béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò méjì mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ, mo sì sọ fún Màámi pé mo ti sapá. Wọ́n kú ní 2019. Àpòòwé náà ṣì wà nínú àpótí, níbi tí góòlù wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á, owó yẹn lè ra àpò ìrẹsì mẹ́rin. Ní báyìí kò lè ra ẹyọ kan.

Rédíò ti di àgbà, ó ti lé ní ogún ọdún, ó ti parí ní Poli. Oṣù tó kọjá ni mo fún un ní ìwé Christie yẹn. N kò sọ ìdí. Alẹ́ méjì ló fi kà á, ó sì pè mí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti kà á tán o.”

“Ṣé o gbádùn ẹ̀?”

Ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Rédíò kò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí létí mi.

“Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn,” ló sọ.

Mo ní mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó má bínú.

“Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún jáde lọ wá Àǹtí, ẹ bi àwọn aládùúgbò, ẹ bi ẹni tó ń ta epo. Ẹ ò bi mí. Orí ẹní kan náà lèmi àti Àǹtí jọ ń sùn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń sọ ilé wọn fún mi.”

Mo fa ìwé àjákọ mi jáde. Mo ní kó máa sọ ọ́. Ó dárúkọ abúlé wọn. Ó sọ ibi tí èèyàn ti ń yà bó bá gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ dé Kétu, ó sọ ohun tí ìyá wọn ń tà lọ́jà àti ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà náà, ó ka orúkọ àwọn àbúrò Àǹtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní bàbá wọn ní ẹṣin funfun kan. Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé ẹṣin báwo. Mo kọ ẹṣin náà sílẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ, èmi àti òun. Mo ti fi owó kún èyí tó wà nínú àpòòwé, n kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà, tó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí bóyá, á fẹ́ rí ojú wa. Kí Rédíò tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n má ṣe gbàgbé láti rán òun létí fọ́tò.

Mo ní, “Fọ́tò wo?”

Ó ní fọ́tò ìyá Àǹtí, èyí tó bọ́ sábẹ́ àga lọ́jọ́ tí a tú báàgì wọn. Láti 2012 ló ti wà lọ́wọ́ òun.